Lẹ́bàá Ọgbà, ní Oṣù Kẹwàá

Ìwọ ọmọ Rīga tó ra ilé Arvīds,
pa ẹ̀rọ tó ń kùn bí agbọ́n yẹn ná.
Mo mọ̀ pé o fẹ́ kí àgbàlá rẹ mọ́,
kí igi láílákì yìí gún régé
bí irun orí ọmọ ológun.
Àmọ́ bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ, sún mọ́ mi,
fi àtàǹpàkò wá ṣóńṣó ẹ̀ka yìí wò.
Ṣé ọwọ́ rẹ kan nǹkan méjì tó le kókó,
bí eyín ọmọ tó fẹ́ yọ lábẹ́ èrìgì?
Òdòdó ọdún tó ń bọ̀ lo fọwọ́ kàn yẹn.
Láti ìgbà tí a ti ń sá koríko lóòrùn
ló ti di ẹrù rẹ̀, tó dákẹ́.
Ohun tó o fẹ́ gé lónìí kì í ṣe ẹ̀ka,
oṣù karùn-ún lo fẹ́ gé.

Má bi mí bí mo ṣe mọ̀.
Ó dáa, bi mí.

Ogún ọdún ni èmi àti Arvīds fi ja ìjà igi yìí.
Òjìji rẹ̀ ń bo pòtétò mi,
àwọn ọmọ ìdí rẹ̀ ń gba abẹ́ ilẹ̀ yọ sínú ebè mi,
mo ń fà wọ́n tu, mo ń jù wọ́n padà sọ́dọ̀ ẹni tó bí wọn.
Lọ́jọ́ kan ní oṣù kọkànlá, ó lọ ṣe eyín ní Cēsis,
mo gbé ayùn ọkọ mi tó ti kú,
mo fo ọgbà, èmi Dzidra, ẹni ọgọ́ta ọdún,
mo gé e títí ó fi kù sí orúnkún.
Yìnyín bo ojú ọgbẹ́ náà. Mo sùn dáadáa.

Ìgbà ìrúwé dé.
Láílákì tanná níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́,
ó tanná ní itẹ́ òkú, lára ahéré tí kò lórùlé mọ́,
àlùkò, funfun, àlùkò,
òórùn rẹ̀ ń wọ yàrá láìkan ilẹ̀kùn.
Ti Arvīds yọ ewé nìkan.
N kò gbọ́ èébú. Ìbá sàn kí n gbọ́.
Ó kàn ń gbé àga síta ní ìrọ̀lẹ́,
ó ń jókòó ti kùkùté náà,
ó ń fa èémí sínú bí ẹni pé nǹkan ń ta sánsán.
Ọjọ́ mẹ́rìnlá, iye ọjọ́ tí òdòdó ì bá fi wà.
Lẹ́yìn náà ó gbé àga wọlé.

Èmi ni mo lọ kan ilẹ̀kùn.
Mo ru eérú ààrò mi dání, korobá kan,
nítorí mo ti gbọ́ pé igi náà kò fẹ́ràn ilẹ̀ kíkan.
Kò ní kí n jókòó. Ó fi hàn mí:
ọjọ́ tí òdòdó bá rọ ni kí o gé e, má dúró pẹ́;
já orí tó ti kú, má fọwọ́ kan ewé méjì abẹ́ rẹ̀;
nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta, mú èyí tó gbó jù, gé e dé ilẹ̀;
ọmọ ìdí, fà á tu, má fọ̀bẹ kàn án.
Omi nígbà ọ̀dá. Ajílẹ̀ díẹ̀,
ẹni tó bá bọ́ ọ ní àbọ́jù, ewé ni yóò rí.
Ó ní, "Ìyókù, ki ọwọ́ rẹ bọ àpò."
Ìyẹn ló le jù fún mi.

Ọdún kẹta ló tó tanná.
Ẹ̀yin ará ìlú ńlá, bóyá ẹ ti gbàgbé:
ìyẹ́ mẹ́rin ni òdòdó kéékèèké yìí máa ń ní;
ẹni tó bá rí èyí tó ní márùn-ún, á jẹ ẹ́, fún oríire.
Arvīds fi ojú tó ti ń ṣú wá a títí ilẹ̀ fi ṣú,
ó nà án sí mi lórí ọgbà yìí,
ó lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀.
Ó korò.
Mo gbé e mì.

Gbé ẹ̀rọ yẹn wọlé, ọmọ.
Ó di oṣù kẹfà. Kí o mú ayùn wá,
èmi á gbé àga.